Ère Òǹkà: Bí Ojú àti Ọwọ́ Ṣe Ń Ran Orí Lọ́wọ́

Bí a bá sọ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lónìí pé ẹnì kan san ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ, etí rẹ̀ yóò gbọ́ iye náà, ẹnu rẹ̀ yóò sì lè tún un pè, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ̀ má mọ bí owó náà ti pọ̀ tó. Àwọn tí wọ́n ná owó ẹyọ láyé àtijọ́ kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Àpò gidi ni ọ̀kẹ́, tí ojú ń rí, tí ọwọ́ ń gbá mú, tí ọrùn alárù sì ń mọ ìwúwo rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kẹ́ mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kẹ́ kan kò nílò olùkọ́ ìṣirò kí ó tó mọ èyí tí ó pọ̀ jù.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìjíròrò yìí ni pé: nígbà tí iye tí a kó jọ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí kò lè gbà á mọ́, ǹjẹ́ a lè sọ iye wọ̀nyẹn di ohun tí a lè fi ojú rí, tí a lè fi ọwọ́ kàn, kí a sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí a kì bá tí mọ̀? Ìdáhùn àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí ni àlàyé yìí pè ní ère òǹkà. Kì í ṣe ère tí a ń bọ, kì í sì í ṣe èyí tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Páálí, amọ̀, igi, irin tàbí ike ni a fi ń ṣe é. Ó ní gígùn, ó ní ìbú, ó sì ní gíga. Iye ni ó sì ń pinnu bí ibi kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ yóò ti rí. Agbẹ́gilére a máa gbẹ́ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe ère òǹkà kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ibi tí iye bá ní kí ó ga ni yóò ga. Ibi tí iye bá ní kí ó jìn ni yóò jìn.

Ó yẹ kí a fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú méjì ni irú ère bẹ́ẹ̀ ní. Ó lè fi ohun tí ìṣirò nìkan kò lè fi hàn hàn wá. Ó sì tún lè fi ohun mìíràn pamọ́ fún wa láìwí. Ẹni tí ó bá mọ ojú kan láìmọ èkejì kò tíì mọ ère òǹkà lò.

ÌDÍ TÍ ÀTẸ IYE KÒ FI TÓ

Àtẹ iye ni ohun tí gbogbo olùkọ́ mọ̀ jù. Ó dára fún ẹni tí ó ti mọ ohun tí òun ń wá. Bí a bá fẹ́ mọ iye ọmọ tí ó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé kan, a ó wo ìlà ọjọ́ náà nínú rẹ́jísítà, a ó sì rí i. Ṣùgbọ́n àtẹ kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ ohun tí òun ń wá, nítorí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ojú ń kà nínú rẹ̀. Kí ojú tó dé ìsàlẹ̀, ọkàn ti gbàgbé ti òkè. Ìdí nìyí tí a fi ń ya gíráàfù. Gíráàfù a máa so ohun méjì pọ̀: wákàtí àti iye, tàbí ọdún àti iye. Nígbà tí ohun tí a fẹ́ so pọ̀ bá wá di mẹ́ta, ìwé pẹlẹbẹ a bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ni. A lè ya ìlà púpọ̀ lé ara wọn lórí, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dà bí òwú tí ó ta kókó.

Nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́-ẹ̀rọ ní ìlú Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ère kan wà tí ó fi ọ̀nà àbáyọ hàn. Iye iná mànàmáná tí a lò láàárín ọdún 1951 àti 1954 ni a fi ṣe é. Páálí kan ni ó dúró fún ọjọ́ kan. A gé etí òkè páálí náà ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn kan fún ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ àtẹ̀gùn 48 láti òru dé òru. Ibi tí a bá ti lo iná púpọ̀, àtẹ̀gùn a ga; ibi tí a bá ti lo díẹ̀, a lọ sílẹ̀. Páálí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ni a tò tẹ̀ léra wọn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí 14,000 iye ni ó dúró síwájú ẹni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iye wọ̀nyí ì bá kún odindi ìwé ńlá. Nínú ère, wọ́n di ilẹ̀ olókè. Bí ènìyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan, ìrìn ọjọ́ kan ni yóò rí: bí ìlú ti ń sùn, bí ó ti ń jí, bí ó ti ń tan iná. Bí ó bá yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìrìn ọdún ni yóò rí, láti ìgbà òtútù dé ìgbà oòrùn. Iye kan náà ni, ìtàn méjì ni ó ń sọ. Ẹni tí ń bójú tó iná mànàmáná nílò ìtàn méjèèjì, nítorí pé iná tí gbogbo ìlú ń lò kò ṣeé kó pamọ́ bí àgbàdo inú àká láyé ìgbà náà. Àkókò tí a ń lò ó gan-an ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa pèsè rẹ̀. Bí ó bá ṣi òkè tí ó ga jù lọ mọ̀, òkùnkùn ni yóò bo ìlú.

IGBÓ Ọ̀PÁ IRIN NÍ CAMBRIDGE

Àpẹẹrẹ tí ó ga ju èyí lọ wá láti Yunifásítì Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Níbẹ̀ ni John Kendrew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá ìrísí púrótéènì kan tí a ń pè ní myoglobin. Iṣẹ́ myoglobin ni láti tọ́jú ọ́síjìn pamọ́ sínú ẹran-ara. Ẹja àbùùbùtán, tí ó lè pẹ́ lábẹ́ omi kí ó tó jáde wá mí, ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi mú ti àbùùbùtán fún iṣẹ́ wọn. A lè fi púrótéènì wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Ìlẹ̀kẹ̀ myoglobin jẹ́ 153, àwọn átọ̀mù tí ó sì wà nínú wọn lé ní 2,000. Kí a mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ti tẹ̀ léra wọn kò tó. Bí okùn náà ti lọ́, tí ó sì ká mọ́ra ni ó ń jẹ́ kí púrótéènì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Átọ̀mù kéré ju ohun tí ẹ̀rọ amúǹkantóbi lásán lè fi hàn lọ. Nítorí náà, wọ́n sọ púrótéènì náà di kírísítálì, horo kan tí ó jọ horo iyọ̀, tí àwọn mólékù inú rẹ̀ tò létòlétò bí ọmọ ogun. Wọ́n wá tan ìtànṣán ẹ̀ksíréè sí i. Ìtànṣán náà fọ́n ká, ó sì fi àmì kéékèèké sílẹ̀ lórí fíìmù, òmíràn dúdú kirikiri, òmíràn rẹ̀ dòdò. Bí àmì kọ̀ọ̀kan ti dúdú tó ni wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì sọ di iye. Kò sí gíláàsì tí ó lè kó ìtànṣán wọ̀nyẹn jọ padà kí ó di àwòrán. Ìṣirò ni ó ní láti ṣe iṣẹ́ gíláàsì náà. Síbẹ̀, apá kan ìmọ̀ tí ìṣirò nílò kì í hàn lórí fíìmù. Max Perutz, ẹlẹgbẹ́ Kendrew, ni ó rí ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún 1953, nígbà tí ó so átọ̀mù wúwo irú ti mẹ́kúrì mọ́ púrótéènì, tí ó sì fi fíìmù ti ìṣáájú wé ti ìgbẹ̀yìn.

Ní ọdún 1957, Kendrew fi nǹkan bí 400 àmì ṣe ìṣirò àkọ́kọ́. EDSAC, kọ̀ǹpútà tí Yunifásítì Cambridge bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1949, ni ó bá wọn ṣe é. Àbájáde rẹ̀ ni iye tí ń sọ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti pọ̀ tó ní ibi kọ̀ọ̀kan nínú mólékù. Ẹ kíyèsí irú iye tí èyí jẹ́. Gígùn, ìbú àti gíga ni a nílò kí a tó lè sọ ibi tí a wà; lẹ́yìn náà ni a ó tó sọ iye tí ó wà níbẹ̀. Ohun mẹ́rin ni a ń so pọ̀ nígbà náà, ìwé pẹlẹbẹ kò sì lè gbà á. Amọ̀ àfiṣeré tí a ń pè ní plasticine ni Kendrew fi mọ ìrísí náà, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tì í dúró. Ohun tí ó jáde wá ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní ọdún 1953, nínú ilé ìwádìí kan náà, James Watson àti Francis Crick ti fi ère wọn hàn pé DNA dà bí àkàbà tí a lọ́, tí ó tò, tí ó sì gún régé. Àwọn kan rò pé púrótéènì náà yóò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí tábìlì dà bí ìfun ẹran tí ó lọ́ mọ́ra síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí kò ní ọ̀tún tí ó bá òsì mu.

Kendrew kò dúró níbẹ̀. Láti lè rí ohun tí ó kéré sí i, ó nílò àmì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000, kọ̀ǹpútà tuntun, EDSAC 2, ni ó sì ṣe ìṣirò wọn. Ère tí ó ti inú èyí jáde ni a mọ̀ sí igbó ọ̀pá irin. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ 2,500 ni ó dúró lóròó nínú yàrá kan, tí gíga wọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni a fi kílíìpù aláwọ̀ oríṣiríṣi há, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá wo inú igbó náà yóò rí i pé àwọn kílíìpù tí ó dúró fún ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ sí tò bí ipa ọ̀nà láàárín igi. Wáyà ni wọ́n wá fi tọ ipa ọ̀nà náà, èyí tí ó sì jáde ni ìrísí púrótéènì fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n lò sọ mólékù náà di ńlá ní ìlọ́po mílíọ̀nù 500. Bí a bá lè sọ ènìyàn di ńlá bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ yóò ju ìlọ́po méjì ọ̀nà tí ó wà láàárín ayé àti òṣùpá lọ.

Nínú igbó yìí ni wọ́n ti rí i pé ibi mẹ́jọ ni okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà ti lọ́ bí ìlọ́ tí Linus Pauling ti sọ tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1951, àti pé àpò kan wà láàárín rẹ̀ tí átọ̀mù irin kan jókòó sí. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ń wọ̀ sí. Ọdún 1960 ni wọ́n tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde.

ÌBÁTAN TÍ OJÚ RÍ

Ọlọ́pọlọ ni Perutz pẹ̀lú, onísùúrù sì ni. Láti ọdún 1937 ni ó ti ń wá ìrísí haemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró kiri ara. Haemoglobin tóbi ju myoglobin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ó lé ní ogún ọdún kí ó tó rí i. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe ère tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹni tí ń ya máàpù ti ń fi ìlà yí òkè po láti fi gíga rẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni a ya ìlà yí ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ sí po. A gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìrísí ìlà wọ̀nyẹn, a sì tò wọ́n léra. Ọ̀nà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dorothy Hodgkin, ní Yunifásítì Oxford, ti ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ sórí ike tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, ó sì ti tò wọ́n léra, nígbà tí ó wá ìrísí penicillin rí ní ọdún 1945. Nígbà tí a fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1964, orílẹ̀-èdè Ghana ni ìròyìn náà ti bá a.

Nínú ère Perutz, ègé mẹ́rin ni haemoglobin jẹ́, méjì funfun, méjì dúdú, tí wọ́n wọnú ara wọn. Nígbà tí a gbé ègé kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ myoglobin Kendrew, àwọn onímọ̀ rí ohun tí kò sí àtẹ iye tí ó sọ ọ́: àwọn méjèèjì jọra. Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni Perutz lò, ẹran-ara àbùùbùtán ni Kendrew lò. Iye inú fíìmù wọn kò jọra rárá, nítorí bí mólékù ti tò nínú kírísítálì méjèèjì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi àtẹ méjèèjì síwájú kò ní mọ̀ pé wọ́n bá ara wọn tan. Àwọn àgbà ní ẹni bíni là á jọ. Ère ni ó jẹ́ kí a rí ojú àwọn ọmọ méjèèjì, kí a tó mọ̀ pé ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Ní ọdún 1962, Kendrew àti Perutz jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ̀JẸ̀ TÍ Ó DI DÒJÉ

Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ kan béèrè pé kí ni igbó ọ̀pá irin ní Cambridge kàn án ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú kíláàsì rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS, tí ó lè mú kí ọmọ jogún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde bí ó bá fẹ́ ẹni tí ó ní irú rẹ̀. Ní ọdún 1910 ni oníṣègùn James Herrick, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé òun rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé lára aláìsàn kan. Ní ọdún 1949, Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé haemoglobin àwọn aláìsàn yìí yàtọ̀. Ní ọdún 1957, Vernon Ingram, ní Cambridge kan náà, fi hàn pé ìyàtọ̀ náà kò ju ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ. Lórí okùn tí ó ní ìlẹ̀kẹ̀ 146, ìkẹfà nìkan ni ó yí padà.

Èyí ni ó yẹ kí ó ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu: báwo ni ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú 146 ṣe lè sọ ọmọ di aláìsàn títí ayé? Bí a bá ń wo orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ lórí ìwé nìkan, a kò lè dáhùn. Ìrísí ni ó dáhùn. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà kò sí nínú àpò tí ọ́síjìn ń wọ̀; ìta ara haemoglobin ni ó wà. Nígbà tí haemoglobin bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, ìrísí rẹ̀ a yí díẹ̀, ihò kékeré kan a sì ṣí sílẹ̀ lára èyí tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó yí padà náà a wọ inú ihò yìí bí ẹ̀kàn tí ó wọ ojú rẹ̀. Ọ̀kan a so mọ́ èkejì, èkejì a so mọ́ ẹ̀kẹta, wọn a di okùn gígùn tí ó le, okùn náà a sì na sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi tẹ̀ bí dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó rí báyìí a dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń kú léraléra nínú ilé kan, àbíkú ni a ń pè é. A ti fi abẹ kọ ara ọmọ mìíràn, a sì ti fi ẹ̀sùn kan ìyá mìíràn. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí àrùn yìí wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú irú ikú bẹ́ẹ̀. Ère haemoglobin kò lè mú ọmọ tí ó ti lọ padà bọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an hàn. Ọ̀dọ̀ bàbá ni okùn kan ti wá, ọ̀dọ̀ ìyá ni èkejì ti wá, kò sì sí èyí tí ẹ̀bi rẹ̀ ju ti èkejì lọ. Olùkọ́ tí ó bá sín ìlẹ̀kẹ̀ 146 sórí okùn, tí ó sì fi àwọ̀ mìíràn sí ìkẹfà, ti ní ohun tí ọmọ kíláàsì lè dì mú lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń sọ fún un pé kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó gbéyàwó tàbí kí ó tó wọ ilé ọkọ.

OHUN TÍ ÈRE Ń FI PAMỌ́

Gbogbo ìyìn yìí kò gbọ́dọ̀ mú kí a gbàgbé ojú kejì. Ère amọ̀ ọdún 1957 kò ní átọ̀mù kankan nínú. Ẹni tí ó bá rò pé bí púrótéènì ti dán, tí ó sì rọ̀ bí ìfun nìyẹn, amọ̀ ni ó tàn án. Igbó ọ̀pá irin ní átọ̀mù, ṣùgbọ́n ọ̀pá fúnra wọn ń dí ojú, wọ́n sì ń dí ọwọ́; ó ṣòro láti dé àárín láti tún ohun tí ó wọ́ ṣe. Ní ọdún 1968, Frederic Richards, ní Yunifásítì Yale, wá ọgbọ́n kan. Ó lo dígí kan tí ń gbé àwòrán yọ, tí a sì tún lè wò kọjá, débi pé ìlà tí ó wà lórí ike dà bí ẹni pé ó wà nínú ère wáyà gan-an, láìsí ọ̀pá tí yóò dí ọwọ́.

Àléébù mìíràn ni pé ère a máa dúró sójú kan, ohun tí ó dúró fún kì í sì í dúró. Haemoglobin ń yí ìrísí padà ní gbogbo ìgbà tí ó bá gba ọ́síjìn tàbí tí ó bá já a sílẹ̀. Ère kan ṣoṣo kò lè fi èyí hàn. Ó di dandan kí a ṣe méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí ó gbé ẹrù, èkejì fún ìgbà tí ó sọ ẹrù kalẹ̀, kí a tó mọ ohun tí ó yí padà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni mímọ ìrísí kì í ṣe ìwòsàn. Oògùn voxelotor, tí ń so mọ́ haemoglobin kí sẹ́ẹ̀lì má baà tẹ̀, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n ní ọdún 2024 àwọn tí ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà. Ìrísí fi ilẹ̀kùn hàn. Ẹni tí yóò wọlé ṣì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

Láti àwọn ọdún 1970 ni kọ̀ǹpútà ti ń gba iṣẹ́ àwọn ère ńlá wọ̀nyí. Ní ọdún 1971, ilé ìpamọ́ ìrísí púrótéènì tí a dá sílẹ̀ kò ní ju méje lọ nínú. Lónìí, ó ti lé ní 200,000. Ojú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń hàn. Síbẹ̀, ère kò tíì kógbá sílé. Ẹ̀rọ wà lónìí tí ń fi ike tẹ ohun olókè jáde bí a ti ń tẹ ìwé, àwọn olùkọ́ sì ń fi í ṣe mólékù àti ilẹ̀ olókè fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí gíráàfù kò lè bá sọ̀rọ̀, lè fi ìka rẹ̀ ka irú ère bẹ́ẹ̀.

ÒKÈ ÒJÒ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

Kò pọn dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀rọ olówó iyebíye kí ó tó lè ṣe ère òǹkà. Ẹ jẹ́ kí a mú iye òjò oṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá láti ibùdó tí a ti ń wọn òjò nítòsí. 120 iye ni yóò jẹ́. A ó gé páálí mẹ́wàá, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24, sẹ̀ǹtímítà méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Kí gíga sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mìlímítà 20 òjò. A ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí gíga oṣù kọ̀ọ̀kan, a ó gé e, a ó sì to páálí náà bí ọdún ti tẹ̀ léra lórí amọ̀ tí a tẹ́ sórí pákó, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà méjì láàárín wọn.

Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ohun tí yóò sábà hàn ni òkè méjì tí ń lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn: ọ̀kan ní nǹkan bí oṣù kẹfà tàbí ìkeje ọdún, èkejì ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Àfonífojì ni yóò wà láàárín wọn, ìyẹn ìdádúró òjò inú oṣù kẹjọ, tí àgbẹ̀ ń fojú sọ́nà fún kí ó lè sá àgbàdo àkọ́kọ́. Ní ìpẹ̀kun méjèèjì ni ilẹ̀ yóò ti tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ọyẹ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò tún rí i pé ní ọdún kan àfonífojì náà jìn, ní ọdún mìíràn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Bí a bá fi ìpíndọ́gba ọdún mẹ́wàá ṣe gíráàfù kan ṣoṣo, ọdún tí òjò kò dá, tí àgbàdo bà jẹ́ lóko, yóò pòórá sínú ìpíndọ́gba. Nínú ère, ó ṣì wà níbẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń dúró kí ẹnì kan béèrè ìdí rẹ̀.

Kí olùkọ́ má ṣe dúró síbẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì nínú kíláàsì fi iye kan náà ṣe ère mìíràn, ṣùgbọ́n kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mìlímítà 80 dípò 20. Òkè yóò di ebè, àfonífojì yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Kí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ kẹta fi ọdún tí òjò pọ̀ jù síwájú. Páálí gíga yóò sì bo èyí tí ó kúrú mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, iye kan náà ni gbogbo wọn lò, síbẹ̀ ohun tí ojú gbà lọ yàtọ̀. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé páálí wọ̀nyí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán iye tàn án nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí yóò mọ̀ pé kí ère tó sọ̀rọ̀, ẹnì kan ti yan ìwọ̀n fún un.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ère iná mànàmáná ti Manchester fi hàn tí àtẹ iye kò lè fi hàn? Kí ni àtẹ iye ṣì lè ṣe tí ère kò lè ṣe?

2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí mímọ orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ 146 kò fi tó láti mọ bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣe ń di dòjé?

3. Àwọn kan lè sọ pé ère a máa mú kí ènìyàn rò pé òun ti mọ ohun tí òun kò tíì mọ̀. Ẹ fi ère amọ̀ ọdún 1957 gbè wọ́n lẹ́yìn tàbí kí ẹ fi takò wọ́n.

4. Yàtọ̀ sí òjò, irú àkójọ iye wo ni ó wà ní àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́ yín tí a lè sọ di ère? Ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀, kí sì ni ère náà lè fi pamọ́ fún un?